Ark Royal Orí Tábìlì: Ọkọ̀ Ogun Tí Wọ́n Gé Nídìí

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọkọ̀ ogun Ark Royal àtòpọ̀ tí wọ́n fi ike ṣe, irú èyí tí olùrà fúnra rẹ̀ yóò gé kúrò lára férémù, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí yóò sì kùn lọ́dà. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 700. Ọkọ̀ gidi, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀ tí wọ́n sì ń balẹ̀ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gùn tó nǹkan bíi 244 mítà. Èyí tó wà lórí tábìlì mi kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, mi ò sì ní dárúkọ èyí tó ṣe tèmi, nítorí pé àbùkù tí mo rí wọ́pọ̀ lára gbogbo àwọn tí wọ́n máa ń gé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kúrò, kí ó lè jókòó pẹrẹsẹ bí ẹni pé ó léfòó lórí omi. Àbùkù yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ àyẹ̀wò yìí. Ohun gbogbo tó sọ Ark Royal di olókìkí ló wà lókè omi, ilé iṣẹ́ náà sì ṣe é dáadáa. Ohun tó pa á wà nísàlẹ̀ omi, ibẹ̀ ni wọ́n sì gé sọnù.

Páálí náà dé láìfọ́, wọ́n sì to ohun inú rẹ̀ létòlétò: ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn férémù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ìwé atọ́nà kan wà tó jẹ́ àwòrán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bébà ìlẹ̀mọ́ kékeré sì wà tí àmì ara àwọn bàálù wà lórí rẹ̀. Ike náà kò le jù, kò sì rọ̀ jù. Abẹ tó mú ń gé e láìfà á ya. Ara ọkọ̀ wá ní ìlàjì méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé níwájú ni mo sì ti kọ́kọ́ wá sáńpépà, nítorí àlàfo tó wà níbẹ̀ fẹ̀ débi tí èékánná fi lè wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó lẹ ìlàjì méjèèjì pọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ọgbọ́n àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí ti hàn níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ agbébàálù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ṣáájú rẹ̀, bíi Furious, Courageous àti Glorious, ni wọ́n ti kàn fún iṣẹ́ ogun mìíràn kí wọ́n tó wá yí wọn padà. Dẹ́ẹ̀kì tí bàálù ń balẹ̀ sí lórí wọn dà bí òrùlé tuntun tí wọ́n gbé lé ilé àtijọ́. Ti Ark Royal kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi dẹ́ẹ̀kì náà àti gàréèjì bàálù méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ṣe ara kan náà pẹ̀lú ọkọ̀, débi pé ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùnkè láti etí omi títí dé òkè láìdá. Ẹ óò rí i lára ike náà kedere: ẹ̀gbẹ́ gíga, ihò onígun mẹ́rin tí wọ́n dá sí ara rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún ọkọ̀ kékeré àti ìbọn ńlá, àti dẹ́ẹ̀kì tó yọ síta lẹ́yìn kọjá ìdí ọkọ̀, torí pé àwọn ibi tí wọ́n ti lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí fún àtúnṣe kò gùn tó, bàálù sì nílò gbogbo ìwọ̀n mítà tí wọ́n bá lè rí.

Ilé iṣẹ́ Cammell Laird ní Birkenhead, ní òdìkejì odò Mersey sí Liverpool, ló kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1935, wọ́n sì tì í sómi ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1937. Lady Maud Hoare, ìyàwó mínísítà tó ń bójú tó ọmọ ogun ojú omi nígbà náà, ló ń sọ ìgò ọtí ṣaḿpéènì mọ́ iwájú ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ìgò náà sì kọ̀ kò fọ́ títí ó fi di ìgbà kẹrin. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni, àwọn àgbà kan ì bá ti ní kí wọ́n lọ bi Ifá léèrè kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1938 ló wọ iṣẹ́ ogun, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀.

Dẹ́ẹ̀kì inú páálí tèmi ti tẹ̀ díẹ̀ láti apá ẹ̀yìn, níbi tí ó ti tín-ín-rín jù. Mo fi omi gbígbóná tí kò tíì hó rẹ ẹ́, mo fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, ó sì tọ́. Ohun tí omi gbígbóná kò lè tọ́ ni pé wọn kò ṣe inú ọkọ̀ rárá. Àwọn líìfù mẹ́ta tó ń gbé bàálù wá sókè kò ju ìlà tí wọ́n fín sójú dẹ́ẹ̀kì lọ, ìyẹn sì dùn mí, nítorí pé àwọn líìfù náà wà lára ohun tó ṣàjèjì jù nínú ọkọ̀ yìí: bàálù tó bá wà ní gàréèjì ìsàlẹ̀ yóò kọ́kọ́ gòkè dé gàréèjì òkè, wọn yóò yí i kúrò lórí pèpéle tó gbé e wá, wọn yóò sì tì í sórí pèpéle mìíràn kí ó tó lè jáde sí gbangba. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń gba àkókò. Ẹni tó bá to ike yìí láìka ohunkóhun mìíràn yóò rò pé bàálù kàn ń hù lórí dẹ́ẹ̀kì ni.

Orí àwọn bàálù gan-an ni n ó ti yin ilé iṣẹ́ náà jù, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti bá wọn wíjọ́. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó sínú páálí: Swordfish, Skua àti Fulmar. Ẹ gbé Swordfish kan lé orí ìka yín kí ẹ wò ó. Láti ìpẹ̀kun apá kan dé èkejì kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, síbẹ̀ apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn òpó tínńtín tó so wọ́n pọ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì lè rí i pé ojú apá rẹ̀ rí gbẹ́gẹ̀dẹ̀gbẹ́gẹ̀dẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n nà lé egungun. Bẹ́ẹ̀ ni ti gidi náà ṣe rí lóòótọ́: aṣọ ni wọ́n fi bo púpọ̀ nínú ara rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ àti àwọn tó bá a jókòó wà ní gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lójú, eré rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn bàálù ogun tuntun tí Jámánì ń fò nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó lè gbé tọ́pídò, ohun ìjà tó ń sáré lábẹ́ omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá, ó sì lè gbéra lórí dẹ́ẹ̀kì kúkúrú nínú ìjì. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un nígbà tí ẹ bá ń lẹ apá òkè mọ́ ọn; ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ lò, ẹ sì fi orí abẹ́rẹ́ kan gọ́ọ̀mù síbi òpó kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù yóò bo gbogbo ẹwà rẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní kò ju pé àwòrán ẹ̀yìn páálí náà fi ọkọ̀ hàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lépa Bismarck, ọkọ̀ ogun ńlá Jámánì, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ó sì to Skua sórí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Skua kankan kò sí nínú Ark Royal mọ́ lásìkò yẹn. Swordfish àti Fulmar ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ lo Skua rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọkọ̀ rẹ̀ padà sí ọdún 1939 tàbí 1940, ohun tó yẹ kí ó sì ṣe nìyẹn, nítorí pé Skua ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Skua láti inú Ark Royal já ọkọ̀ òfuurufú Jámánì kan lulẹ̀ sínú Òkun Àríwá, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì já nínú ogun náà. Ọjọ́ kan náà ni bàálù Jámánì ju àdó olóró ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí, ó tàsé rẹ̀ díẹ̀, ni rédíò Jámánì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé àwọn ti rì í. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, Skua mìíràn láti inú ọkọ̀ yìí balẹ̀ sórí adágún tó ti di yìnyín ní Nọ́wè lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjà. Ó wà lábẹ́ omi títí wọ́n fi gbé e jáde ní ọdún 1974, ara rẹ̀ tó ti fọ́ sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn bàálù ọmọ ogun ojú omi ní Yeovilton, ní Somerset. Oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Skua 15 lọ kọlu Scharnhorst, ọkọ̀ ogun Jámánì, ní Trondheim ní Nọ́wè, mẹ́jọ nínú wọn kò sì padà. Ó yẹ kí àwọn tó ń to ike yìí mọ ìyẹn kí wọ́n tó lẹ Skua mọ́ ojú dẹ́ẹ̀kì.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni ìwé atọ́nà fi sílẹ̀ fún ìtàn, Bismarck ló sì gba ibẹ̀ tán. Wọn kò mẹ́nu kan etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti lo apá kan pàtàkì nínú ọdún méjì àti díẹ̀ tó fi jagun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n rán an lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún tó ṣáájú. Láti ibẹ̀ ni òun àti ọkọ̀ ogun Renown ti ń wá Graf Spee, ọkọ̀ Jámánì tó ń rì ọkọ̀ oníṣòwò káàkiri gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì. Wọn kò rí i. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta mìíràn ló bá a jà, tí ó fi sá wọ èbúté Montevideo ní Uruguay. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn Ark Royal: àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ó ti ń dúró de Graf Spee lẹ́nu odò, bẹ́ẹ̀ ó ṣì jìnnà réré, Rio de Janeiro ní Bràsíìlì ni ó ń lọ láti rọ epo. Ọ̀gá Graf Spee gbà á gbọ́ pé agbára tó ju tòun lọ ti yí òun ká, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rì ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá. Ọkọ̀ tí rédíò Jámánì ti rì ní oṣù Kẹsàn-án ni ìròyìn lásán nípa rẹ̀ ń dẹ́rù ba Jámánì ní oṣù Kejìlá!

Ti Dakar kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1940, lẹ́yìn tí Faransé ti túúbá fún Hítílà, Ark Royal wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọlu ọkọ̀ ogun Faransé ní Mers-el-Kébir ní Àlùjíríà, kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Àwọn atukọ̀ Faransé tó kú níbẹ̀ lé ní 1,200. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé de Gaulle, olórí àwọn Faransé tó kọ̀ láti túúbá, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Dakar, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn aláṣẹ Faransé níbẹ̀ yóò yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti orí dẹ́ẹ̀kì Ark Royal ni bàálù kékeré méjì ti gbé àwọn aṣojú rẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ouakam láti lọ pàrọwà, bí wọ́n ṣe balẹ̀ ni wọ́n sì mú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà, bàálù mélòó kan ṣègbé, ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé fi tọ́pídò lu ọkọ̀ ogun Resolution, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì padà sẹ́yìn lọ́wọ́ òfo. Mo gbà pé ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun ìṣeré kò ní fẹ́ fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sínú páálí, ṣùgbọ́n àwa tó wà létíkun yìí ló yẹ kí á máa sọ ọ́.

Ní ti Bismarck, wọn kò purọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ Jámánì náà rì Hood, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn, nínú ènìyàn tó lé ní 1,400 tó wà nínú rẹ̀ mẹ́ta péré ló sì yè. Ó wá kọrí sí Brest ní Faransé, níbi tí bàálù Jámánì ti lè dáàbò bò ó. Ark Royal wá láti Gibraltar, òun nìkan ló sì wà ní tòsí tó lè dá a dúró. Lọ́jọ́ 26, ìjì ń jà débi pé ìdí dẹ́ẹ̀kì ń gòkè tó sì ń rọ̀ sílẹ̀ ju mítà 15 lọ. Ọ̀wọ́ Swordfish àkọ́kọ́ ṣi ọkọ̀ Sheffield, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹgbẹ́ wọn, mú fún Bismarck, wọ́n sì ju tọ́pídò sí i. Àṣìṣe yẹn gan-an ló gba gbogbo wọn là, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tọ́pídò náà bú gbàù bí wọ́n ṣe kan omi, ni wọ́n bá mọ̀ pé ohun agbéná onímágínẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wọn kò dára. Wọ́n yí i padà sí èyí tí yóò bú nígbà tó bá kan ara ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Swordfish 15 tún gbéra, Bismarck kò já ẹyọ kan nínú wọn lulẹ̀, tọ́pídò kan sì lù ú lẹ́yìn, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ há sápá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lójú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ọkọ̀ ogun ńlá dé, wọ́n sì parí iṣẹ́.

Ìtọ́kọ̀ ni wọ́n fi mú Bismarck, abẹ́ omi ni. Ọkọ̀ ike tí mo rà kò ní ìtọ́kọ̀. Kò ní àwọn àjẹ̀ onírin mẹ́ta tó ń tì í lọ. Kò sì ní ibi tí ikú tirẹ̀ gbà wọlé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1941, Ark Royal ń padà bọ̀ sí Gibraltar lẹ́yìn tí òun àti ọkọ̀ agbébàálù Argus ti fi bàálù ránṣẹ́ sí Malta. (Argus yìí náà ló ti gbé bàálù wá sí Takoradi ní Gold Coast ní ọdún tó ṣáájú, tí àwọn awakọ̀ fi ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Maiduguri lọ sí Íjíbítì.) Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 41 lọ́sàn-án, tọ́pídò kan láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi U-81, tí Friedrich Guggenberger ń darí, lu apá ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé ìṣàkóso. Tọ́pídò kan ṣoṣo ni.

Ẹ tún wo ike náà. Ilé ìṣàkóso àti ihò èéfín wà ní apá ọ̀tún dẹ́ẹ̀kì, kí wọ́n má bàa dí bàálù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ílà mẹ́fà, àwọn ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru fún ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ kò sí ní apá ọ̀tún nìkan; wọ́n wà láàárín, wọ́n sì wà ní apá méjèèjì. Èéfín gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan kọjá lábẹ́ gàréèjì ìsàlẹ̀ kí ó tó lè dé ihò tó wà lọ́tùn-ún. Nígbà tí ọkọ̀ fì sápá ọ̀tún, ọ̀nà èéfín yìí di ọ̀nà omi, omi sì ń gba ibẹ̀ ti yàrá bọ́ílà kan bọ́ sí òmíràn. Dẹ́ẹ̀kì gíga tó mọ́ tónítóní, tí Swordfish fi lè gbéra nínú ìjì, ni ó fa kí èéfín máa rìn yíká bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn kejì burú ju ìyẹn lọ: iná mànàmáná tó ń fa omi jáde láti ọwọ́ bọ́ílà ló ti ń wá, kò sì sí jẹ́ńẹ́rétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì tó lè dá ṣiṣẹ́ tí bọ́ílà bá kú. Bọ́ílà kú, iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́. Àwa tí a ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí iná lọ lójijì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀gá ọkọ̀, Loben Maund, ti mọ bí Courageous ṣe kó ènìyàn tó lé ní 500 lọ sísàlẹ̀ òkun ní ọ̀sẹ̀ kẹta ogun náà, kò sì fẹ́ kí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ Legion wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kó púpọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀, nǹkan bíi 1,500, sínú rẹ̀. Nígbà tó fi rí i pé ọkọ̀ náà kò tíì fẹ́ rì, tó sì dá àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì padà sínú rẹ̀, àkókò tó ṣe iyebíye ti lọ. Wọ́n jà fún un mọ́jú. Wọ́n tilẹ̀ dá iná padà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ọkọ̀ tí yóò fà á lọ sí Gibraltar. Ó dojú dé, ó sì rì ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnì kan péré ló kú. Ilé ẹjọ́ ológun dá Maund lẹ́bi pé kò fi àwọn tó lè tún ọkọ̀ ṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ń kó àwọn yòókù jáde. Ìgbìmọ̀ Bucknill tó wádìí ọ̀ràn náà kò fojú fo àṣìṣe inú àwòrán ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lára àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé ọ̀gá tó pàdánù ọkọ̀ ṣùgbọ́n tó mú gbogbo ènìyàn rẹ̀ bọ̀, àyàfi ẹyọ kan, kò yẹ fún ìbáwí tó pọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí gbogbo èyí ni mo fi sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n gé nídìí kò tó fún Ark Royal. Ó lè tó fún ọkọ̀ mìíràn tí ìbọn nìkan ló fi ṣe orúkọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín lóye ìdí tí tọ́pídò kan fi rì ọkọ̀ oní-22,000 tọ́ọ̀nù, ẹ ó nílò èyí tó ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó lù, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ ọ̀nà tí èéfín gbà títí dé ihò rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ títò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó ní sùúrù lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà wà nítòsí abẹ àti gọ́ọ̀mù, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, torí pé òórùn gọ́ọ̀mù náà le. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kò bá páálí wá. Ẹ rà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹ kun ara ọkọ̀ àti dẹ́ẹ̀kì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí pé ìgbà tí ìbọn àti ọkọ̀ kékeré bá ti wà ní ipò wọn, búrọ́ọ̀ṣì kò ní lè wọlé mọ́. Àwọn ìlẹ̀mọ́ fún bàálù kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ rẹ wọ́n sómi títí wọn yóò fi máa yọ̀, kí ẹ sì fi orí búrọ́ọ̀ṣì tó tutù gbé wọn. Mélòó kan nínú tèmi ká mọ́ra wọn, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n fi àlékún sí i. Ìwé atọ́nà ṣe kedere títí dé ibi òpó ìtàkùn rédíò, níbẹ̀ ó fi àwòrán kan ṣoṣo hàn láti iwájú, ẹ óò sì ní láti wá fọ́tò ọkọ̀ gidi kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe fì. Ẹ má ṣe fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè, sí orí rẹ̀ nítorí pé ẹ rí i lórí ọkọ̀ mìíràn. Ark Royal kò ní in títí ó fi rì, rédà Sheffield ni wọ́n máa ń gbójú lé.

Tí mo bá ní láti fún un ní máàkì, n ó fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún: gbogbo mẹ́ta náà fún dẹ́ẹ̀kì, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti Swordfish. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe èyí tó ní ìsàlẹ̀ ní òṣùwọ̀n ìdá kan nínú 350. Ó wọ́n ju èyí lọ dáadáa, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọn tábìlì yín kí ẹ tó sanwó.